Bísíkíìtì Ọdún Tí Mọ́mì Grace Ń Tọ́ Wò

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa ìyá ọkọ mi lẹ́nu ẹni tó ṣe dáadáa sí i, ẹ wá ẹlòmíràn lọ. Ẹ lọ sí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, kẹ́ ẹ béèrè Mọ́mì Grace oníbísíkíìtì, wọ́n á fi ilé rẹ̀ hàn yín. Èmi Olúyẹ́misí tí mo fẹ́ sọ ọ́ yìí, n ò ṣe dáadáa sí i rárá. Àmọ́ èmi ni mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ fara dà mí.

Grace Àjàní ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, inú ìjọ náà ni wọ́n bí i sí. Ìyá tó bí i ló ń dáná fún ìyàwó òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó wá ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì sí Ògbómọ̀ṣọ́ láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni ìyá náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan bísíkíìtì Kérésìmesì, tó sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó náà ń lọ sílé, irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń gé e bí ìràwọ̀ ló fi dá ìyá náà lọ́lá. Mọ́mì a máa rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́. Á ní, "Ogún ọdún nídìí ààrò, irin kan péré! Àmọ́ irin náà dáa o, kò dípẹtà."

Tísà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Opó ni, ọkọ mi Adéṣínà nìkan ló sì bí. Bó bá ti di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, gbogbo àdúgbò rẹ̀ á máa ta sánsán. Kì í lo ààrò ìgbàlódé kankan. Ìkòkò irin ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń se ìrẹsì ìnáwó, ló ń lò. Á da yanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, á gbé e ka iná igi, á to bísíkíìtì sórí páànù, á gbé páànù náà lé yanrìn, á dé e, á wá kó ẹyin iná lé ọmọrí rẹ̀ lórí. Iná lókè, iná nísàlẹ̀. Fùláwà, bọ́tà, ẹyin, ṣúgà, nọ́tímẹ́gì díẹ̀, kò sí àṣírí kankan níbẹ̀, àmọ́ kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá òun pò ó.

Dídì rẹ̀ tún wá jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Láti oṣù Kìíní ló ti ń tọrọ agolo mílíìkì olómọrí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tíì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àdúgbò Under G. Á fọ̀ wọ́n, á sá wọn, á tẹ́ bébà funfun sínú wọn, á to ìràwọ̀ kéékèèké náà sí i, á fi ríbọ́ọ̀nù pupa dè é, á sì fi ọwọ́ ìkọ̀wé tísà rẹ̀ kọ orúkọ onílé sí i lára. Kì í tà á láéláé. "Bí mo bá tà á, kí ló fi yàtọ̀ sí búrẹ́dì?" Onítẹ̀bọmi, Mùsùlùmí, Aládùúrà, lọ́yà, ẹni tó ń gbálẹ̀ ọjà, agolo kọ̀ọ̀kan ni.

Òun fúnra rẹ̀ kì í sì í jẹ ẹ́. Ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá a jà láti ọdún méje, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé ẹyọ kan kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Mọ́mì gbọ́rọ̀. Bí ìyẹ̀fun bá lẹ̀ mọ́ ọn níka, omi ló fi ń ṣan án, kì í lá a.

Èmi wá ńkọ́? Ọ̀yọ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ó ń wa bọ́ọ̀sì láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ń ránṣọ. Aládùúrà ni mí. Oyún mẹ́ta ló bà jẹ́ lára mi kí n tó bí ọmọbìnrin mi, Jésùtófúnmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn kẹ́ ẹ tó bú mi. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́rin nígbà tí wòlíì ìjọ wa ríran sí mi nínú ìsìn ọjọ́ Ẹtì kan. Ó ní, "Ìyá Tófúnmi, mo rí agolo. Mo rí oúnjẹ dídùn nínú agolo. Kí ọmọ yẹn má fẹnu kàn án o." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo dárúkọ nínú ọkàn mi. Ta ló tún ń fún wa lóúnjẹ nínú agolo?

Nígbà tí Adéṣínà gbé agolo Kérésì ọdún yẹn dé, tí wọ́n kọ "Jésùtófúnmi" sí lára gàdàgbà, mo pe Mọ́mì lórí fóònù. "Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Ẹ kú wàhálà, ẹ kú ìnáwó. Ọmọ yín ò jẹ́ ká rímú mí, ó ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán!" Fóònù ṣì wà létí mi tí mo fi ń da bísíkíìtì náà sí kòtò ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Adéṣínà ò mọ̀, awakọ̀ kì í gbélé. Mọ́mì á máa bi mí pé, "Èwo ló fẹ́ràn jù? Èyí tó gbó díẹ̀ ni àbí èyí tó funfun?" Mà á ní èyí tó gbó. Irọ́ ńlá gbáà!

Ká ní mo tilẹ̀ panu mọ́ níbẹ̀. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, Dámisí tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wá dán aṣọ wò lọ́dọ̀ mi, ẹnu bá ń yún mi. Mo ní Ọlọ́run ló yọ ọmọ mi lọ́wọ́ bísíkíìtì ìyá ọkọ mi. Mo tún fi iyọ̀ sí i, mo fi ata sí i: mo ní oyún mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bà jẹ́ yẹn, ta ló mọ̀? Dámisí kígbe "Jésù!" lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo òmùgọ̀! Ọ̀rọ̀ tí inú mi ò gbà, mo ní kí inú ẹlòmíràn bá mi gbà á.

Dámisí ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta ọjà ní Under G. Kí oṣù Kejìlá tó wọlé, ọ̀rọ̀ ti dé Ọjà Igbó, ó sì ti lápá, ó ti lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní bísíkíìtì ni Mọ́mì Grace fi ń gba ọmọ nínú aboyún. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ni mo jù ú sílẹ̀, Ọ̀yọ́ ni mo sì jókòó sí tí mò ń ránṣọ ọdún.

Ìyá Mubaraq ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e fún mi. Mùsùlùmí ni, ògiri kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Mọ́mì. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń gbé ẹran Iléyá fún Mọ́mì, tí Mọ́mì ń gbé bísíkíìtì Kérésì fún un. Lọ́dún yẹn, Mọ́mì na agolo sí i, kò nawọ́ gbà á. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Mọ́mì, àwọn ọmọ ní ká má gba oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn mọ́." Mọ́mì bi í títí, ó bá tú gbogbo rẹ̀ síta.

Mọ́mì ò bínú, kò ṣépè. Ṣé ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí wọ́n bá ń fura sí ẹni tó gbé oúnjẹ wá, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo èèyàn. Mọ́mì tú ríbọ́ọ̀nù, ó ṣí agolo, ó mú ìràwọ̀ kan, ó sì jẹ ẹ́ tán pátá. Ó ní, "Ó tán àbí kò tán? Bó bá máa pa èèyàn, èmi ni yóò kọ́kọ́ pa." Ojú ti Ìyá Mubaraq, ó gba agolo.

Ilé mẹ́tàdínláàádọ́ta ni Mọ́mì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rìn ín, nínú ọyẹ́. Ilé tó bá dé, á tú agolo, á jẹ ẹyọ kan, á tún ríbọ́ọ̀nù so. Ilé kan ní kó mú òmíràn láti ìsàlẹ̀ agolo, bóyá ti òkè nìkan ló dáa. Ó mú un, ó jẹ ẹ́. Ẹni tí kì í lá ìka!

Ọ̀dọ̀ mi ló fi parí rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì ni, ó wọ bọ́ọ̀sì ọmọ rẹ̀ wá sí Ọ̀yọ́. Ètè rẹ̀ gbẹ, mo rò pé ọyẹ́ ni. Ó mu omi inú ọ̀rá mẹ́rin léraléra, ó lọ tọ̀, ó tún béèrè omi. Ó wá jókòó, ó gbé agolo Tófúnmi lé orí tábìlì mi láàárín àwọn aṣọ.

Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé ẹ̀yin náà ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi?"

Mo ní, "Rárá, Mọ́mì. Ta ló máa sọ irú ẹ̀?"

"N ò mọ̀. Àmọ́ kẹ́rù má bàa bà ọ́." Ó mú ẹyọ kan, ó ní ti èmi nìyẹn. Ó mú ẹyọ kejì, ó ní ti Tófúnmi.

"Mọ́mì, ṣúgà yín ńkọ́?"

"Ṣúgà lè dúró dè mí," ó dáhùn, ó ń jẹ ẹ́ lọ. "Orúkọ mi ni ò lè dúró."

Tófúnmi nawọ́ sí agolo. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ó di ọ̀la, ọdún ò tíì pé." Mọ́mì wò mí. Nígbà tó lọ tán, mo dà á nù. Ó jẹ méjì níwájú mi, mo ṣì dà á nù! Ìyẹn ni n ò lè jí lówùúrọ̀ kí n má rántí.

Àárọ̀ Kérésì, wọn ò rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Mubaraq ló bá a nílẹ̀ yàrá, ló sì ké sí àwọn èèyàn tí wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí èmi àti Adéṣínà fi máa dé Ògbómọ̀ṣọ́, dókítà ti ń bínú. Ó ní ṣúgà rẹ̀ ti kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè kà. Ó ní, "Kí ni ìyá yìí jẹ?" Adéṣínà ní kò sóhun tó jẹ, ìyá òun kì í jẹ ohun dídùn. Ìyá Mubaraq bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé lórí ìka rẹ̀, ilé tèmi, ilé ìyá aláṣọ, ilé lọ́yà. Ó kà á dé ogún, ó bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, ojú Mọ́mì là díẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ gbóná.

"Ìyàwó mi, bí mo bá lọ, bá mi sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìwọ ni wọ́n máa gbà gbọ́. Kò sí ìyàwó tó ń purọ́ gbe ìyá ọkọ."

Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì."

"Ohun tó ń dùn mí ni pé n ò mọ ẹni tí mo ṣẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ọ́n, ǹ bá lọ bẹ̀ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Kò sí nọ́ọ̀sì tó wọlé, kò sẹ́ni tó pè mí, kò sóhun tó dí mi lọ́wọ́. Èmi ni mo gbé e mì. Mo ní, "Ẹ sinmi, Mọ́mì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún wọn." Ó dákú lọ́jọ́ kẹta, kò jí mọ́.

Ṣé ẹ wá mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní Ọjà Igbó? Wọ́n ní bísíkíìtì tó yan ló padà pa á, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló dà lé e lórí. Dámisí pè mí láti Ọ̀yọ́, ayọ̀ ń bẹ lóhùn rẹ̀: "Ọlọ́run ò sùn o! Wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú." Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Oṣù Kìíní la sin ín. Nínú ìsìn, wọ́n ní kí mọ̀lẹ́bí sọ̀rọ̀. Mo gba gbohùngbohùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, wòlíì, kòtò ìdọ̀tí, Dámisí, iyọ̀ àti ata. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan nínú bísíkíìtì Mọ́mì. Ẹnu mi ni nǹkan wà. Èmi ni." Adéṣínà dìde, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Kò wojú mi títí di òní.

Èmi náà ń jáde lọ nígbà tí Ìyá Mubaraq, tó jókòó sí àga ẹ̀yìn pátápátá pẹ̀lú híjáàbù dúdú, di aṣọ mi mú. Kò pariwo.

Ó ní, "Ìwọ lo jókòó tì í nílé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ nígbà yẹn?"

Mo ní, "Ó ń gbọ́."

Ó fi aṣọ mi sílẹ̀.