Oṣù Mẹ́jọ Tí Èmi àti Bàbá Mi Fi Wá Ilé-Ẹ̀kọ́ Páílọ́ọ̀tì

Ọdún tí mo jáde ilé-ìwé girama ni èmi àti bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí mo ti máa kọ́ṣẹ́ páílọ́ọ̀tì. Garki là ń gbé nígbà náà, nínú ilé ìjọba oníyàrá méjì. Iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ni bàbá mi ń ṣe. Iṣẹ́ náà ló gbé wa kúrò ní Kàbbà wá sí Àbújá.

Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló wà níwájú wa. Ọ̀kan wà ní ilẹ̀ Hausa, àwọn tó ń dúró de àyè níbẹ̀ sì pọ̀. Èkejì wà ní Amẹ́ríkà. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ ń dán, àwòrán ọkọ̀ òfurufú kún inú rẹ̀. Bí bàbá mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó tì mí, á máa fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ní Sátidé kan, ó mú mi gba ọ̀nà Lugbe lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ká lọ rí páílọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ wa.

"Ẹ má wo àwòrán, sà," ọkùnrin náà sọ fún bàbá mi. "Ẹ bi wọ́n pé ọkọ̀ mélòó ló ń fò, olùkọ́ mélòó ni wọ́n ní, àti bóyá ìwé-àṣẹ wọn á ṣiṣẹ́ nílé níbí." Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ, kó o tó yan ibì kankan, lọ ṣe àyẹ̀wò ara àti ojú."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ojú ọmọ mi mú. Ó ń ka nọ́ńbà mọ́tò láti òkèèrè."

Oṣù mẹ́jọ la fi kọ lẹ́tà. Àwọn ará Amẹ́ríkà dáhùn gbogbo ìbéèrè wa, a sì yàn wọ́n. Wọ́n wá ní ká fi ìwé dókítà ránṣẹ́.

Dókítà ṣí ìwé kan tí àmì róbótó-róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi kún inú rẹ̀. Ó ní kí n sọ nọ́ńbà tí mo rí. Mi ò rí nǹkan kan.

"Mẹ́jọ ni," bàbá mi sọ láti ẹ̀yìn mi. "Wò ó dáadáa."

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, sà."

Mo wò ó títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Kò mọ àwọ̀ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé," dókítà sọ jẹ́ẹ́. "Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, kò ní oògùn. Wọn ò ní jẹ́ kó wa ọkọ̀ òfurufú akérò."

Ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí nígbà tí a délé. Nígbà tó gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Bí bàbá tó bí mi ṣe rí nìyẹn," ó sọ fún bàbá mi. "Ata tí kò tíì pọ́n ló máa ń já bọ̀ láti oko, tí ìyá wa á máa bínú. Ọ̀dọ̀ mi lọmọ yìí ti mú un." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," bàbá mi dáhùn, ó sì wọ yàrá lọ.

Èmi ni mo máa ń kọ gbogbo lẹ́tà wa, ṣùgbọ́n òun ló kọ èyí tó kẹ́yìn sí Amẹ́ríkà. Kò jẹ́ kí n kà á.

Iṣẹ́ ìwọn-ilẹ̀ ni mo padà kọ́, mo sì rí i jẹ. Ṣùgbọ́n èmi àti bàbá mi kò rí ọ̀rọ̀ bá ara wa sọ mọ́ ju ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé lọ, títí ó fi kú. Mi ò mọ ìgbà mìíràn tí a jọ jókòó bí ọ̀rẹ́ ju oṣù mẹ́jọ yẹn lọ.