Ìsinmi Bàbá Mi Nínú Igbó

Kékeré ni mo wà, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, lọ́jọ́ tí bàbá mi kó gbogbo wa sínú jíìpù pé ká lọ sùn nínú igbó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, ẹ ó rántí pé ohun ìyanu kò wọ́n nígbà náà. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn lánàá lè gun ọkọ̀ lónìí, kó sì máa fọn fèrè rẹ̀ láìsí ẹni tó dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn ní ilé, kó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kó wá lọ sùn síta, èyí kò ṣẹlẹ̀ ní Ṣógúnlé rí.

Mẹkáníìkì ni bàbá mi. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá, ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó kan tó ń la títì ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá wọn ń padà sí ìlú rẹ̀, ó ta jíìpù àlòkù rẹ̀ fún wọn, ó sì fi àgọ́ aṣọ kan àti àga méjì tó ṣeé ká ṣe ẹ̀bùn. Jíìpù yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ̀ kan. Táyà iwájú ń fà, tẹ̀yìn ń tì. Jíà kúkúrú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà ńlá. Bí bàbá mi bá ti fà á báyìí, ẹrẹ̀ tó lè gbé lọ́rì mì kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Ó máa ń rùn fún epo àti awọ, ìjókòó ẹ̀yìn sì máa ń gbóná débi pé ìdí apá kan la fi ń jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan ni bàbá mi sọ ọ́. Ẹ̀bà la ń jẹ lọ́wọ́.

“Lọ́la, a ń lọ sinmi. Ẹ kó ohun tí a ó fi sùn.”

“Níbo?” ni ìyá mi bi wọ́n.

“Nínú igbó, lẹ́yìn Òkè-Àfà.”

“Bàbá Ràṣídà, ta la mọ̀ níbẹ̀?”

“A ò mọ ẹnì kankan.”

“Kí la wá fẹ́ lọ ṣe?”

“A ò ní ṣe nǹkan kan. A ó jókòó ni.”

Ìyá mi tẹjú mọ́ wọn bí ẹni ń wo ẹni tí ibà ń ṣe. Wọ́n dìde lọ di ẹrù. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò mọ bí a ṣe ń jókòó lásán, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí a ń dì fún un? Ni wọ́n bá di gbogbo rẹ̀: ẹní, ìkòkò méjì, sítóòfù, gààrì, èlùbọ́, àgbébọ̀ adìyẹ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, àti àpótí aṣọ wọn.

Àpótí yẹn ló dẹ́rù bà mí. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo rí i kó jáde kúrò nínú yàrá, ọjọ́ tí lánlọ́ọ̀dù wa àtijọ́ lé wa kúrò ní Múṣín. Mo bi ìyá mi pé ṣé a ó padà. Wọ́n ní ọmọdé kì í bi ìrìn-àjò léèrè. Ó tán. Ó dá mi lójú pé wọ́n ti lé wa. Mo gbé bèbí mi fún Kúdí, ọmọ yàrá kejì, mo ní, “A ń kó lọ. Má sọ fún ẹnì kankan o.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ilé ti yí jíìpù ká. Ìyá Kúdí gbé abọ́ èkuru dání, omi ń bọ́ lójú wọn. “Ìyá Ràṣídà, irú yín kọ́ ló yẹ kí èyí ṣẹlẹ̀ sí.” Alájì onílé fa bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ta ló ṣẹ̀ yín nínú ilé yìí? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi.”

“Alájì, ọ̀la la ń bọ̀.”

Alájì mirí. “Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń wí.”

Ìgbátí tí mo jẹ lọ́wọ́ ìyá mi kí a tó gbéra, etí mi kan ṣì ń hó sí i títí di òní.

A kọjá Ìsọlọ̀, a kọjá Òkè-Àfà, ọ̀dà títì tán, ó ku iyẹ̀pẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tán, ó ku koríko. Bàbá mi fa jíà kúkúrú yẹn. Jíìpù bọ́ sódò, omi ń ta lu fèrèsé, àwọn àbúrò mi méjèèjì ń pariwo ayọ̀, adìyẹ náà ń pariwo tirẹ̀. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ń ṣọ́ ọ̀nà, mo ń ka igi tó dá yàtọ̀, torí pé tí ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀nà ilé mọ́, èmi á mọ̀ ọ́n.

Wọ́n pàgọ́ sábẹ́ igi ìrókò kan, wọ́n tẹ́ àga méjèèjì. Bàbá mi jókòó sí ọ̀kan, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ní kí ìyá mi jókòó sí èkejì. Ìyá mi jókòó bí ẹni tó ń retí dókítà.

“Kí ló kàn báyìí?” ni wọ́n wí.

“Òun náà nìyí,” ni bàbá mi dáhùn.

Ọwọ́ alásàrì, obìnrin kan tó ru igi bọ̀ láti oko rí wa. Kò kí wa. Ó yíjú padà, eré ló fi lọ. Kò pẹ́ ni Baálẹ̀ abúlé wọn dé, arúgbó tó gbọ́pàá, pẹ̀lú ọkùnrin bíi márùn-ún, àti obìnrin méjì tó gbé omi dání fún wa.

“Ẹ kú ìrọ́jú,” ni Baálẹ̀ wí. “Kí lẹ ṣe nílé tí wọ́n fi lé yín?”

Bàbá mi dìde. “Wọn ò lé wa, bàbá. Ìsinmi la wá ṣe.”

“Ìsinmi. Nínú igbó. Pẹ̀lú àpótí.”

“Àwọn òyìnbó máa ń ṣe é, bàbá.”

“Òyìnbó kò ní mọ̀lẹ́bí níbí ni.” Baálẹ̀ yíjú sí mi. “Ìwọ ọmọ mi, ọmọdé kì í purọ́ fún mi. Ta ló lé yín?”

Ẹkún tí mo ti há mọ́nú láti Ṣógúnlé ni mo bú sí. “Mi ò mọ̀, bàbá. Wọn ò sọ fún wa.”

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin yẹn kò dúró gba àṣẹ kí wọ́n tó ki ìkòkò àti àpótí mọ́lẹ̀, wọ́n gbé wọn kọrí sí abúlé. Bàbá mi ò bá ẹnì kankan jà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, wọ́n wo ojú mi dáadáa, bí ẹni pé ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi.

“Ràṣídà, látàná lo ti ń rò ó bẹ́ẹ̀?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“A nílé. Lọ́la la ó padà síbẹ̀. O gbọ́?”

Wọ́n gbé mi lé èjìká, èmi tí mo ti dàgbà kọjá bẹ́ẹ̀, títí a fi wọ abúlé. Àwọn ará abúlé gbé wa sí yàrá tó mọ́, wọ́n fún wa ní iyán. Bàbá mi nìkan ló taku pé inú àgọ́ lòun ó sùn. Nígbà tí mo sáré débẹ̀ láàárọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo rí tó yọ lẹ́nu àgọ́. Baálẹ̀ ti gbé ẹní tirẹ̀ wá, ó ní àlejò òun kò lè dá sun ìta kí ojú má ti òun. Àwọn méjèèjì ń hanrun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta la tún lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Baálẹ̀ ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún wa, a kò sì tún pàgọ́ mọ́. Títí bàbá mi fi kú, wọn ò sọ ohun tí wọ́n ń wá nínú igbó yẹn. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ń bá òyìnbó ṣiṣẹ́, bí ọ̀gá wọn bá kó ìyàwó àti ọmọ lọ jókòó lábẹ́ igi, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni bàbá mi máa ń dúró sí. Bóyá wọ́n fẹ́ jókòó sórí àga yẹn lẹ́ẹ̀kan ni. Ó ṣì ń rú mi lójú.

Lónìí, ilé ti bo gbogbo ibẹ̀, igi ìrókò ti di ilé epo. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń sanwó láti lọ sùn sínú àgọ́ létí òkun, kò sì sí aládùúgbò tó bi wọ́n léèrè kankan. Mo ń gbé ní Ire-Akari, géètì mi ga. Bí mo bá jí lọ́la tí mo rí ọkùnrin kan, ìyàwó rẹ̀, ọmọ mẹ́ta àti adìyẹ kan tí wọ́n pàgọ́ síwájú ilé mi, mo mọ̀ pé ọlọ́dẹ ni màá pè. Mi ò ní gbé omi dání jáde.