Búrẹ́dì Tí Wọ́n Fi Dí Mi Lẹ́nu

Tọ́rọ́ ni búrẹ́dì tí ìyá mi rà fún mi ní Agége lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà èwe mi, kí n má baà dá sí ọ̀rọ̀ ọjà. Lánàá, ọmọ mi tan rédíò àtijọ́ kan, òórùn eruku tó ń jó nínú rẹ̀ ló rán mi létí ọjọ́ náà.

Ampilifáyà la lọ rà fún àbúrò ìyá mi tó ń ta gìtá. Wọ́n ti gbà á síbi ìyàwó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ariwo èrò sì máa ń bo gìtá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọlọ́jà tan án, òórùn eruku tó ń jó jáde, gìtá ké tantan.

"Pọ́ùn mẹ́sàn-án, Ìyá."

"Àpótí tí ikán jẹ kù yìí? Olè ni ẹ́!"

"Ẹ gbé ẹnu yín jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ṣọ́ọ̀bù àbí ilé eku?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká san án," ni àbúrò ìyá mi ń bẹ̀.

Ìyá mi bú ọlọ́jà títí ó fi gba pọ́ùn méje àti ṣílè mẹ́wàá.

Bí wọ́n ṣe ń tú owó nídìí ìró, ọlọ́jà yọ nǹkan bí ìgò kékeré lẹ́yìn àpótí náà, ó fi sápò, ó ṣẹ́jú sí mi. Mo rò pé àtùpà rẹ̀ ló mú. Búrẹ́dì sì kún ẹnu mi. Ìyá mi kú láìmọ̀ pé mo rí i.

Nílé ìyàwó, ampilifáyà yadi. A sáré padà.

Ọlọ́jà fi ìgò náà hàn wá. "Àpótí ni owó yín rà. Ohùn rẹ̀ rèé, ọgbọ̀n ṣílè."

Ìyá mi ṣépè, wọ́n sì san án. Gbogbo èébú yẹn, pọ́ùn mẹ́sàn-án àti tọ́rọ́ búrẹ́dì.