Àlejò Inú Páìpù Bàbá Ògúndípẹ̀

Títí di òní, bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ní Ifangni, ẹnì kan á sọ pé, "Ẹ wò ó bóyá ó ní àlejò." Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rántí olóògbé Bàbá Ògúndípẹ̀, mẹkáníìkì wa, àti òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi dákẹ́ mọ́ wọn lábẹ́ láàrin ọ̀sà.

Ọdún 1979 ni, nígbà ìjọba Rẹfolúsíọ̀nù, tí tọmọdé tàgbà ń jẹ́ kámáráàdì. Marthe, ọmọ àbúrò Bàbá, fẹ́ lọ ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ní Kútọnù. Aago mẹ́wàá ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá pẹ́ á padà sílé, kò sì ní sí ìdánwò mìíràn fún ọdún méjì. Òjò ti gé ọ̀nà mọ́tò, nítorí náà Bàbá mú un lọ sí Àjàṣẹ́, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi tí Dieudonné ń wà ní kùtùkùtù. Bàbá gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ dání. Ìyá Marthe ti bi í léèrè pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

"Bí mo bá fi í sílé," ó ní, "ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́."

Láàrin ọ̀sà, gásúwálì tán nínú táńkì. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Dieudonné rọ epo tuntun sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí irin tí wọ́n fi ń ta ẹ́ńjìnnì jí. Ó yí i títí òógùn fi rin aṣọ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò dá a lóhùn.

"Kámáráàdì awakọ̀, kí ló dé?" Victorin ló béèrè, aṣojú ìjọba kan tó ń lọ sí ìpàdé.

"Epo wà níbẹ̀, kámáráàdì. Èmi náà ò mọ ohun tó ń ṣe é."

"Ó ń fẹ́ ìṣírí ni!" Victorin na ìkúùkù sókè. "Ẹ̀yin kámáráàdì, ṣé ẹ ti múra tán?"

Gbogbo èrò pariwo pé àwọn ti múra tán. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni kò tíì múra.

Bàbá Ògúndípẹ̀ jẹ obì ẹnu rẹ̀ tán kó tó dìde. "Afẹ́fẹ́ ló wọ inú páìpù," ó ní. "Nígbà tí táńkì gbẹ, ó rí ilé òfìfo, ó bá wọlé. Àlejò ni. A kì í ti àlejò síta. Ńṣe là ń sìn ín sọ́nà, láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà."

"Bàbá, aago mẹ́jọ ti kọjá," Marthe rọra sọ.

"Mo gbọ́, ìyá mi. Àlejò kì í wo aago."

Kò ya àwọn tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan ní Daagbé, wọ́n pè é wá tún ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ṣe. Ó kọ́kọ́ kí onílé, ó kí àwọn ọmọ, ó kí àwọn ará ilé kejì, ó béèrè àlàáfíà ewúrẹ́ tó bímọ. Nígbà tó fi kí wọn tán, àwọn obìnrin ti fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ wọn tán.

Ejò kan wọ yàrá rẹ̀ nígbà kan. Àwọn aládùúgbò gbé igi dé, àfi bí Bàbá ṣe ṣí gbogbo ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti inú wá síta, tó sì jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tó yá, ejò bá tirẹ̀ lọ. "Ọmọlúàbí ni," Bàbá ní. "Kò mú nǹkan kan lọ."

Lórí ọ̀sà, ó tú nọ́ọ̀tù kékeré tó wà lórí asẹ́ epo, ó sì ní kí Dieudonné máa tẹ ọwọ́ irin tó ń fa epo. Epo yọ, ó ń hó bí ọṣẹ.

"Ó ti tó, Bàbá! Epo ti dé!" Ìyá Sàdíátù, tó ń kó epo pupa lọ sọ́jà, ló kígbe.

"Epo àti àlejò ló jọ ń jáde, Ìyá Sàdíátù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dágbére fún ara wọn."

Nígbà tí epo mọ́ láìní ìhó, ó dè é. Ó kọjá sí nọ́ọ̀tù kejì. "Má dáwọ́ dúró kí n tó dè é o," ó sọ fún Dieudonné. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ti ń ro Dieudonné. Ó sinmi díẹ̀ kí sípánà tó yí tán. Wọ́n ta ẹ́ńjìnnì, ó jí! Ariwo ayọ̀ sọ, Victorin bẹ̀rẹ̀ orin. Wọn ò tíì kọ orin náà dé ìdajì tí ẹ́ńjìnnì tún fi kú.

"Ó padà wá mú fìlà rẹ̀," Bàbá ní.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Omijé bọ́ lójú Marthe. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo àwọn tó kù. Ẹ lọ tààrà síbi tó parí."

Bàbá mi orí. "Bí mo bá fò ó, á tún dá wa dúró níwájú, ilẹ̀kùn yẹn á sì tì mọ́ ọ. Wá, ìwọ ni kó o tẹ̀ ẹ́. Má wo oòrùn. Epo ni kó o máa wò."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí asẹ́. Marthe tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ìhó tóbi bí ẹ̀wà, ó kéré bí ọkà bàbà, ó wá tán pátápátá. Kò dáwọ́ dúró títí Bàbá fi dè é. Wọ́n ṣe ìkejì bákan náà. Ó ku ẹnu páìpù tó wọ inú ẹ́ńjìnnì gan-an, Bàbá sì tú u. Victorin tẹ orí síwájú láti wò ó. Dieudonné yí irin, gásúwálì sì tú sí aṣọ ìpàdé Victorin láti ọrùn dé ìdí.

"Kámáráàdì, ẹ má bínú," Bàbá ní. "Ẹ̀yin ló dágbére fún."

Ó dè é, ẹ́ńjìnnì jí, kò sì kú mọ́ títí wọ́n fi dé Kútọnù.

Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ti ti apá kan ilẹ̀kùn nígbà tí Marthe sáré dé. Ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. "Mademoiselle, ìdánwò mẹkáníìkì kọ́ lèyí o."

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

Ó jẹ́ kó wọlé. Bàbá jókòó síta títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ọmọ náà jáde, kò bi í bí ìdánwò ṣe rí. Ó bi í bóyá ó ti jẹun.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé èsì dé sí ọ́fíìsì ìjọba ní Ifangni, Bàbá ni wọ́n sì fi lé lọ́wọ́. Àwọn tó wà lójú títì rò pé iná ń jó níbì kan, nítorí Bàbá Ògúndípẹ̀ ń sáré. Kò kí ẹnikẹ́ni. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ọjà, kò yíjú wò ó. Ó sáré títí dé ọ̀dọ̀ ìyá Marthe. Ó kàn na ìwé sí i, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Agbẹ̀bí ni Marthe ní Tchaada báyìí. Ó ti pé ọdún méjì tí Bàbá ti lọ. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀, ẹnì kan á dìde, á fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wọ bàtà júwe bó ṣe sáré, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ohùn onítàn á rọlẹ̀, òun náà á jókòó pẹ̀lẹ́, á sì máa wo ojú ọ̀nà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin àlejò lọ.