Iye Èèyàn Tí Bàbá Kí

Òórùn oògùn ìfọlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ẹ̀ka ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ilé-Ifẹ̀, kí òórùn ẹ̀pà tí wọ́n ń yan lẹ́nu géètì tó wá bò ó mọ́lẹ̀. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, eruku á bá afẹ́fẹ́ wọlé, á bo fèrèsé, á bo tábìlì, á bo fáìlì àwọn aláìsàn, a ó sì máa nù ún títí apá á fi máa ro wá. Ibẹ̀ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbà ọ̀dọ́ mi. Nígbà tí o bi mí lọ́jọ́sí pé kí ni mo ṣe nídìí iṣẹ́ náà tí mo lè fi yangàn, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ó wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló gùn.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Bàbá kan wà, àgbẹ̀ oníkòkó, ará Ẹdúnàbọ̀n. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù ni àìsàn ti ká a mọ́, ọkàn rẹ̀ sì dẹnu kọlẹ̀ débi pé oògùn ò ràn án mọ́. Àwọn dókítà ọ̀hún bá gbé ọkàn ẹnì kan tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ sí i láyà. Nígbà tó padà wálé, ìròyìn rẹ̀ kárí Ifẹ̀. Àwọn kan wọkọ̀ láti Ẹnuwà lọ sí ilé rẹ̀, kí wọ́n ṣáà lè fojú ara wọn rí i. Ìyàwó rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ò mọ̀ bóyá ọkàn òyìnbó yìí mọ òun níyàwó. Bàbá dá a lóhùn pé, “Ó mọ̀ ọ́. Ọbẹ̀ rẹ ló tiẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀.”

Àwọn dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ń ṣèwádìí lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ mọ bí àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró fún ṣe ń gbé ayé wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá délé, oògùn wo ló bá wọn lára mu, èwo ló ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n wá ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí dókítà àgbà wa pé kó máa bá àwọn kọ ti Bàbá lóṣooṣù. Dókítà nawọ́ rẹ̀ sí mi. Ó ní, “Sísítà, Yorùbá yín dáa ju tèmi lọ. Ẹ bi Bàbá ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ èsì wọn sílẹ̀ fún mi.” Orí mi wú. Mo jókòó, mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tún un kọ bí ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ gba ẹ̀bùn.

“Bàbá, ṣé mímí ò nira fún yín?”

“Kò nira o. A dúpẹ́.”

“Ọkàn yín ńkọ́? Ṣé kì í sáré jù?”

“Ọkàn mi balẹ̀, ọmọ mi. Kí ni mo tún ń wá?”

Ọkàn tó ń lù kìkì láyà ni mo bèèrè, ọkàn tí a fi ń ronú ni Bàbá fi dá mi lóhùn, èmi náà ò sì fura. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìṣòro. Oṣù kejì, kò sí ìṣòro. Oṣù kẹta, a dúpẹ́. O kúkú mọ àwa Yorùbá. Ẹni tí igi wó lù, tí o bá kí i pé ṣé dáadáa ni, á ní a dúpẹ́. Ti Bàbá tún wá lé kenkà sí i, torí ẹlòmíràn ló kú kí òun tó yè, ọmọ òun sì náwó nára. Ṣé òun ló wá yẹ kó jókòó síwájú nọ́ọ̀sì, kó máa ráhùn? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Lẹ́yìn bí ọdún kan, lẹ́tà dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Inú wọn dùn sí Bàbá gan-an. Wọ́n ní pẹ̀lú gbogbo ohun tí àwọn ń kà nínú fọ́ọ̀mù, ó ti tó àkókò láti dín oògùn rẹ̀ tó lágbára jù kù. Ó yẹ kí n ṣàlàyé oògùn yìí. Ara èèyàn kì í fẹ́ àlejò. Tí wọ́n bá gbé ọkàn ẹlòmíràn sínú rẹ̀, ṣe ló máa ń fẹ́ bá a jà títí tó fi máa pa á, oògùn yẹn ló ń dá ara lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ó ní ìyà tiẹ̀ tó ń fi jẹ èèyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dín in kù fún ẹni tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀. Dókítà ní ọjọ́ tí Bàbá bá tún wá la máa bẹ̀rẹ̀. Mo rìn kúrò níwájú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Lọ́jọ́ náà, mo wà lẹ́nu géètì, mò ń ra ẹ̀pà, nígbà tí Bàbá bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Kò rí mi. Ó kọ́kọ́ dúró ti mẹgáàdì wa, Hausa kan tó ń ti Sábó wá síbi iṣẹ́. “Sànnu o! Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn àgbò yẹn ńkọ́?” Ó rìn díẹ̀, ó tún dúró ti ọkùnrin tó ń gé koríko. “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú oòrùn.” Ó kí obìnrin tó ń gbálẹ̀, ó kí ọlọ́sàn, kò sì sí èyí tó kí ní kúkúrú nínú wọn. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sọ fún ẹlẹ́pà pé bàbá yìí mà mọ èèyàn kí o. Ó wá dé abẹ́ igi kan nítòsí ẹnu ọ̀nà wa, níbi tí bẹ́ǹṣì kan wà. Ó gbá igi náà mú, ó tẹrí ba, ó ní, “Ẹ kú ìjókòó o.”

Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Bẹ́ǹṣì òfìfo ni Bàbá ń kí, èjìká rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò. Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé ó ń kí èèyàn, ó ń sinmi ni. Ọgbọ́n tó ń dá kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé èémí òun ò tó òun rìn mọ́ nìyẹn.

Nígbà tó jókòó síwájú mi, mo pa fọ́ọ̀mù dé.

“Bàbá, èèyàn mélòó lẹ kí láti géètì dé ibí?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ìkíni ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

“Rárá o, sà. Ẹ ṣáà bá mi kà wọ́n.”

Ó fi ìka kà á. “Márùn-ún.”

“Nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé ńkọ́?”

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, èmi náà wò ó, mo sì rí i pé okùn sálúbàtà ti jin sínú ẹran ẹsẹ̀ tó wú. “Mẹgáàdì nìkan,” ni Bàbá wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má kọ ọ́ síbẹ̀. Wọn á ní mo ba ọkàn ọlọ́kàn jẹ́.”

Omi lé sí mi lójú. Mo ní, “Bàbá, bí mi ò bá kọ ọ́, ẹ̀mí yín ni.” Mo dìde, mo gba ọ̀dọ̀ Dókítà lọ kó tó fọwọ́ sí ìwé oògùn tuntun. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, èmi fúnra mi ló máa dá lẹ́bi. Mo ní, “Dókítà, gbogbo kò-sí-ìṣòro tí mo kọ látọjọ́ yìí, ìkíni ni. Mi ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Bàbá rí.” Mo rò pé á bú mi. Ṣe ló gbé ẹ̀rọ ìgbọ́kàn kọ́rùn, ó tẹ̀ lé mi. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn Bàbá, kò fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n fóònù sí Lọ́ńdọ̀nù. Ara Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkàn tuntun náà jà, oògùn tó sì ń là wọ́n níjà la fẹ́ dín kù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ń gún un lábẹ́rẹ́ bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀ fún wa, lẹ́yìn náà ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sọ́hùn-ún.

Kí Bàbá tó ti Lọ́ńdọ̀nù padà dé, fọ́ọ̀mù tuntun ti ṣáájú rẹ̀ dé, ìbéèrè kan sì ti wà níbẹ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀: láti ẹnu géètì dé iwájú dókítà, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ dúró, ì báà ṣe láti kí èèyàn? Wọ́n kọ lẹ́tà mọ́ ọn pé Ifẹ̀ ni àwọn ti rí i kọ́. Dókítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àlejò tó bá ti wọlé, á nàka sí i, á ní, “Ìbéèrè Sísítà wa nìyẹn.” Èmi á ṣe bí ẹni tó ń wá fáìlì, mi ò sì ní í rí fáìlì ọ̀hún títí á fi tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Má fi mí rẹ́rìn-ín. Ta ni kò fẹ́ràn oríire?

Lọ́jọ́ tí Bàbá máa padà wá, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó juwọ́ sí mẹgáàdì, ó ń bọ̀. Ó kọjá lára ẹni tó ń gé koríko, ó kọjá lára ọlọ́sàn, ó kọjá lábẹ́ igi, kò wẹ̀yìn. Kò pẹ́ ni mẹgáàdì tọ̀ mí wá, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, “Sísítà, ṣé Bàbá ń bínú sí wa ni? A ò mọ ohun tá a ṣe.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú mi.

Láti ìgbà náà, tí aláìsàn bá ti sọ fún mi pé a dúpẹ́, mo máa ń bá a dúpẹ́, kí n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ni mo ti fi kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń yangàn jù ni èsì tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tí Bàbá padà wá yẹn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àgbàlagbà Yorùbá kan rìn láti géètì dé iwájú wa, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni.