Ihò Méjì Lára Bọ́ọ̀sì Ìyá Dammy

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Beatrice, tí gbogbo àdúgbò wọn ní Festac mọ̀ sí Ìyá Dammy, fi jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀, tó ń fọwọ́ sí ìwé ìrìn-àjò àwọn ẹlòmíràn. Bó ṣe fẹ̀yìn tì, ó ní òun náà á rìn. Ó ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan, ọkọ rẹ̀, Gbọ́lágadé, sì kan ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀. Wọ́n to sólà sórí rẹ̀, wọ́n ti fíríìjì bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Gbọ́lágadé kì í fi pákó ṣeré. Ó kan kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́ fíríìjì lára pinpin, ó fá a títí ó fi ń dán, ó ní kòkòrò kankan ò ní ríbi gbà wọlé. Òótọ́ ni, kòkòrò ò wọlé. Atẹ́gùn náà ò wọlé. Fíríìjì ń kùn látàárọ̀ dalẹ́ bí arúgbó tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, omi inú rẹ̀ sì ń lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Ìyá Dammy pe Bádrù, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Apple Junction. Bádrù fọwọ́ kan pákó náà, ó yára fà á padà.

"Mọ́mì, fíríìjì yín ò ṣàìsàn o. Wọ́n há a mọ́lé ni. Ooru tó ń tì jáde lẹ́yìn rẹ̀ ò ríbi lọ. Ẹ jẹ́ ká lu pákó yìí àti ara bọ́ọ̀sì já, ká dá ihò kan sísàlẹ̀, kí atẹ́gùn gbabẹ̀ wọlé, ká dá òmíràn sókè, kí ooru gbabẹ̀ jáde. Ká wá fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n."

Gbọ́lágadé fárí gá. "Ta ló fẹ́ lu ihò sí iṣẹ́ ọwọ́ mi? Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́!"

"Bàbá Dammy, ẹ ò rí i pé bọ́tà ti yọ́ ni?"

"Ṣé kò wá rọrùn láti fi pa búrẹ́dì báyìí?"

Ní Sátidé, tí Gbọ́lágadé lọ sípàdé àwọn ọkùnrin ìjọ, Ìyá Dammy ké sí Bádrù. Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ láti parí ìpàdé, ihò méjì ti wà lára bọ́ọ̀sì. Gbọ́lágadé dé, ó bínú débi pé kò jẹun. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e lọ́wọ́, ó tutù rinrin. Ó mu ún tán kó tó rántí pé òun ń bínú. Láti ìgbà náà, "ihò tí mo dá" ló ń fi han àlejò.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an niná lọ ládùúgbò, kò sì tètè dé; fíríìjì inú bọ́ọ̀sì tó ń lo sólà nìkan ló ń tutù. Sìlífátù, tó ń ta ẹja inú yìnyín ní òdìkejì títì, ló kọ́kọ́ dé.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹja mẹ́fà péré."

Lilian, ará ilé kejì, gbé abọ́ ọbẹ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹnì kan gbé oògùn ojú wá. Fíríìjì kún, wọ́n gbé omi Ìyá Dammy kúrò nínú rẹ̀ sórí tábìlì. Bí Ìyá Dammy bá ti ní òun ń lọ ìrìn-àjò, Sìlífátù á ní, "Ẹ jẹ́ kí n ta ẹja yìí ná." Ẹja tuntun á sì dé kí ti àná tó tán. Oṣù méjì, bọ́ọ̀sì tí wọ́n rà fún ìrìn-àjò ò kọjá géètì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Dammy ò dágbére fẹ́nikẹ́ni. Gbọ́lágadé wa bọ́ọ̀sì, wọ́n kọrí sí Badagry. Wọ́n ń sún mọ́ ọ̀nà Ijegun-Egba ni kẹ̀kẹ́ márúwá kan sáré bá wọn, Sìlífátù ń pariwo nínú rẹ̀, gèlè lọ́wọ́: "Mọ́mì! Ẹja mi o!"

Bọ́ọ̀sì dúró. Ìyá Dammy yọjú. "Sìlífátù, ṣé o ti dé Badagry rí?"

"Rárá, Mọ́mì."

"Èmi náà ò débẹ̀ rí. Wọlé."

Sìlífátù wọlé, ó jókòó sórí ibùsùn. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ta ẹja mẹ́rin fáwọn tó ń gbafẹ́ létí òkun, wọ́n din méjì tó kù jẹ. Nígbà tí Lilian pè láti béèrè ọbẹ̀ rẹ̀, Ìyá Dammy ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọbẹ̀ náà ń gbádùn ìrìn-àjò rẹ̀.