Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Dọ̀bálẹ̀ fún Ọmọ Rẹ̀

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo gbé lọ́dọ̀ wọn ní Nyanya, kì í jẹ́ ká sinmi. Bí ọmọbìnrin rẹ̀ bá ti ṣe dáadáa, á pariwo pé, "Ọ̀dọ̀ mi ló ti mú un!"

Lọ́jọ́ tí dókítà sọ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ọmọ náà lè ní jẹjẹrẹ ọmú lọ́jọ́ iwájú, àti pé ọ̀dọ̀ bàbá ló ti jogún ewu náà, ó ní ká máa lọ sílé. Bí a ṣe délé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ rẹ̀.

"Má bínú sí mi."

"Dádì, ẹ dìde jọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ torí orí ràbàtà tí ẹ fún mi yìí lẹ ṣe ń bẹ̀ mí ni, ó yé mi."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Ẹ̀gbọ́n mi bá jókòó sílẹ̀ tì í.